Pọ́ìǹtì káàdì fún ìjókòó bísínẹ́ẹ̀sì: ọ̀nà wo ló yẹ kí ará Abẹ́òkúta mú?

Ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta ló ní ọmọ kan lókè òkun tó ń fi káàdì kírẹ́díìtì ra epo, tó ń fi ra oúnjẹ, tó ń fi san owó ilé ìwé ọmọ, tí pọ́ìǹtì, ìyẹn ẹ̀bùn tí báńkì ń fún ẹni tó bá ń ná káàdì rẹ̀, sì ń gun orí ara wọn nínú áàpù báńkì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, á ní òun fẹ́ fi wọ́n gbé Mọ́mì wá ní bísínẹ́ẹ̀sì, tàbí kí òun àti ìyàwó òun jókòó níwájú bàálù nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wálé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà: pọ́ìǹtì kan náà tó lè gbé èèyàn dé London lórí ibùsùn (ìjókòó bísínẹ́ẹ̀sì tó ń tẹ́ pẹrẹsẹ), ìkọ́nọ́mì lásán ló lè rà bí a bá gba ibòmíràn.

Káàdì Amẹ́ríkà àti ti Ìlú Ọba ni mò ń sọ o. Káàdì náírà tí a fi ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ ní Pánṣẹ́kẹ́ kì í sábà kó irú pọ́ìǹtì tí a lè gbé lọ bá ọkọ̀ òfuurufú. American Express (Amex ni màá máa pè é), Chase, Citi, Capital One àti Bilt ní Amẹ́ríkà, Amex àti Barclaycard ní Ìlú Ọba, àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Físà ni èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ṣé ó ti wà nínú ìwé ìrìnnà, àbí a ṣì ń retí rẹ̀? Ìdí ni pé pọ́ìǹtì tó bá ti kúrò ní báńkì, tó ti bọ́ sínú àkáǹtì ọkọ̀ òfuurufú, kì í padà mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ò ràn án. Bí físà ò bá wá jáde, ibẹ̀ ni á wà, tí á máa retí ìrìnàjò mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí tún wá le sí i láti oṣù keje ọdún 2025, nígbà tí Amẹ́ríkà sọ físà ìbẹ̀wò tó ń fún ọmọ Nàìjíríà di èyí tí a ó fi wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́ta. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, Amẹ́ríkà tún ti dá fífún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ní físà ìbẹ̀wò tuntun dúró. Bẹ́ẹ̀, ìjókòó pọ́ìǹtì tó dára jù sábà máa ń jáde ní nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò. Ẹ wo bí físà olóṣù mẹ́ta ṣe fẹ́ bá ìjókòó olóṣù mọ́kànlá pàdé.

Lẹ́yìn físà ni owó tó máa jáde lápò. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ìǹtì tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Owó orí ìjọba wà, owó àfikún tí ọkọ̀ òfuurufú fúnra rẹ̀ bù lé e sì wà, èyí kejì yìí ló máa ń dunni. British Airways, Virgin Atlantic àti Air France ń gbà á. Àwọn kan wà tí kì í gbà á, a máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní owó orí tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Air Passenger Duty. Ẹni tó bá ń kúrò níbẹ̀ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń wọlé. Láti oṣù kẹrin 2025, iye tí ẹni tó jókòó ní bísínẹ́ẹ̀sì ń san bó bá ń ti London bọ̀ ní Èkó ti ju £200 lọ. Nítorí náà, àlọ Mọ́mì lè wọ́n díẹ̀, àbọ̀ rẹ̀ lè wọ́n púpọ̀. Kò burú bí ẹ bá fi pọ́ìǹtì ra àlọ lórí ibùsùn, kí ẹ wá fowó ra àbọ̀ ní ìkọ́nọ́mì.

Ẹ tún wo ẹni tó ń rìn. Ọ̀dọ́ lè yí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsí wàhálà. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn, tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń kéde ní Frankfurt, ọkọ̀ tó lọ tààrà ló yẹ ẹ́, bí pọ́ìǹtì rẹ̀ bá tilẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ ra bísínẹ́ẹ̀sì kí wọ́n tó lè fi kẹ̀kẹ́ ìjókòó ti Mọ́mì dé ẹnu ọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ yẹn, ìkọ́nọ́mì náà ń gbà á, ẹ kàn béèrè fún un ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò.

Ti ẹrù náà wà ńbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹni tó bá jókòó ní bísínẹ́ẹ̀sì lè kó àpò méjì, kílò 32 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kílò 23 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ti ìkọ́nọ́mì. Tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ìǹtì sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ kan náà. Ìyàtọ̀ kílò 18 yẹn kì í ṣe kékeré lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lọ wẹ ọmọ tuntun: làfún, èlùbọ́, ìrẹsì ọ̀fadà tí a ti ṣà mọ́, àti àdìrẹ ìyàwó ilé, gbogbo rẹ̀ wọlé.

Ìṣirò tó kù ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì ṣe. Wọ́n á mú iye tíkẹ́ẹ̀tì bísínẹ́ẹ̀sì, wọ́n á yọ owó orí kúrò, wọ́n á fi pọ́ìǹtì pín in, inú wọn á wá máa dùn. Ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó: tíkẹ́ẹ̀tì $3,600, tí wọ́n béèrè pọ́ìǹtì 90,000 àti $600 fún. $3,000 tó kù, tí a bá pín in sí 90,000, sẹ́ǹtì 3.3 ni pọ́ìǹtì kọ̀ọ̀kan. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ta ni nínú ilé yín ló ti fẹ́ yọ $3,600 sílẹ̀ fún ìjókòó kan tẹ́lẹ̀? Ìkọ́nọ́mì lẹ fẹ́ rà, ká ní $1,200. Káàdì bíi ti Chase lè sọ pọ́ìǹtì kọ̀ọ̀kan di sẹ́ǹtì kan lówó, a jẹ́ pé 90,000 yẹn jẹ́ $900 tí ẹ yọ̀ǹda. Ẹ fi $600 lé e, ó di $1,500. Ohun tí ibùsùn yẹn ná yín ní tòótọ́ ni $300 lórí iye tí ẹ bá ti san tẹ́lẹ̀. Ẹ wá bi ara yín: ṣé oorun Mọ́mì tó $300? Fún wákàtí 12 lọ sí Amẹ́ríkà, èmi á ní ó tó, ó tilẹ̀ lé. Fún wákàtí mẹ́fà àbọ̀ lọ sí London lójú ọ̀sán gangan, mi ò ní bá yín jiyàn bí ẹ bá ní kò tó.

Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́wọ́ bí a ṣe ń lọ.

Kí ẹ rà á lójú òpó ìrìnàjò báńkì

Èyí ló rọrùn jù, òun náà ló sì ń jẹ pọ́ìǹtì jù. Ẹ ó wá ọkọ̀ lójú òpó báńkì bí ẹni fẹ́ fowó rà á, báńkì á wá ka pọ́ìǹtì sí owó. Lọ́dọ̀ Amex àti Capital One, sẹ́ǹtì kan ni pọ́ìǹtì kan sábà máa ń jẹ́ fún tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ní káàdì Chase Sapphire ti ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà 2025 ni Chase ti ń yí i sí ètò kan tó ń jẹ́ Points Boost, tó jẹ́ pé àwọn tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń rí àlékún gbà. Tíkẹ́ẹ̀tì $3,600 àpẹẹrẹ wa yẹn á jẹ pọ́ìǹtì 360,000 lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì kan. Ìlọ́po mẹ́rin 90,000 nìyẹn.

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹ ò ní máa ṣọdẹ ìjókòó. Ibi tí owó bá ti lè ra ìjókòó, pọ́ìǹtì náà á rà á, kódà lóṣù Kejìlá tí gbogbo ayé ń bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo Mọ́mì ní kọ́ńtà ní Ìkẹjà, tí wọ́n ti fagilé ọkọ̀, tí ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ń sọ pé, "Mà, ẹ pe ẹni tó bá yín rà á." Ọmọ tó rà á wà ní Houston, ó ṣì ń sùn, nọ́ńbà báńkì sì ń kọrin fún ẹni tó bá pè é. Fún ìkọ́nọ́mì tí kò wọ́n, ọ̀nà yìí ò burú. Fún bísínẹ́ẹ̀sì, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ àfi bí pọ́ìǹtì bá pọ̀ lọ́wọ́ yín débi pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó ọ̀hún náà rèé: láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2024 tí Air Peace ti ń fò láti Èkó lọ sí Gatwick, ojú owó London ò le bíi ti tẹ́lẹ̀. Pọ́ìǹtì àwọn báńkì tí mo dárúkọ wọ̀nyí ò ṣeé gbé lọ sọ́dọ̀ Air Peace. Síbẹ̀, kí ẹ tó fi pọ́ìǹtì ṣe ohunkóhun, ẹ wo iye tí wọ́n ń ta bísínẹ́ẹ̀sì tiwọn lọ́sẹ̀ náà. Nígbà mìíràn, owó ló máa ń járe.

Avios: British Airways, àti Qatar lẹ́yìn rẹ̀

Ẹni tó bá wà ní Ìlú Ọba, ibí ni ojú rẹ̀ máa kọ́kọ́ lọ, kò sì ṣìnà. Ọkọ̀ tààrà ni láti Èkó sí Heathrow. Pọ́ìǹtì Amex ti Ìlú Ọba ń di Avios (orúkọ pọ́ìǹtì British Airways nìyẹn) ní ọ̀kan sí ọ̀kan, ti Chase náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ́dọ̀ wọn ni ìlérí tí wọ́n ṣe: ó kéré tán, ìjókòó Club World (bísínẹ́ẹ̀sì wọn) mẹ́rin ni wọ́n ń yọ sílẹ̀ fún pọ́ìǹtì nínú ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 355 ṣáájú ìrìnàjò ló sì ń jáde. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ rẹ̀ lè jí lóru ọjọ́ tí ó ń jáde, kó sì mú tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wálé fún Kérésìmesì, ìyẹn nìkan lọ̀nà. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹsàn-án á kàn máa wo ojú áàpù ni. Ní ìgbà ọdún Lísàbí, lóṣù kẹta, ó máa ń rọrùn jùyẹn lọ dáadáa.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀ṣà. Káàdì British Airways Amex Premium Plus, tó ń gba £300 lọ́dún, máa ń fún ẹni tó bá ná £15,000 láàárín ọdún ní fọ́ọ̀ṣà tí ẹni kejì fi ń bá a rìn láìsan Avios. Owó orí àti owó àfikún ẹni kejì ò yọ nínú rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń rò pé àwọn lè fi fọ́ọ̀ṣà yìí gbé Dádì àti Mọ́mì wá. Rárá. Ẹni tó ni káàdì gbọ́dọ̀ jókòó nínú ọkọ̀ náà. Àwọn tó yẹ ni tọkọtaya tó ń gbé London tí wọ́n fẹ́ wálé ṣe ìnáwó, tàbí ọmọ tó fẹ́ wá mú Mọ́mì fúnra rẹ̀ kí wọ́n jọ padà. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń rìn, ó lè fi fọ́ọ̀ṣà náà gé Avios tirẹ̀ sí ìdajì.

Owó àfikún wọn wúwo, ẹ má tàn ara yín. Ohun tó tù mí nínú ni pé bí ìrìnàjò bá yí padà, ẹ lè fagilé e títí di wákàtí 24 ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra, kí Avios yín padà sínú àkáǹtì. Owó kékeré ni wọ́n ń yọ. Fún ilé tí físà ń dààmú, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Láti 2022 ni Qatar Airways náà ti ń lo Avios, ẹ sì lè gbé e láti àkáǹtì kan sí èkejì. Fún London tàbí Amẹ́ríkà, Doha ti jìnnà jù, ẹ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó fẹ́ lọ ṣe Umrah, ọ̀nà Èkó sí Doha sí Jẹ́dà tàbí Mẹ̀dínà bọ́ sí i gẹ́lẹ́, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn ọmọ tó ní Avios kì í fi í rántí bàbá wọn tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí Kọ́bìtì.

Virgin Atlantic

Òun náà tààrà ni, Èkó sí Heathrow. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo báńkì tí mo dárúkọ lókè ló ń gbé pọ́ìǹtì lọ síbẹ̀ ní ọ̀kan sí ọ̀kan, àwọn báńkì Amẹ́ríkà sì máa ń ṣe ẹ̀bùn nígbà mìíràn, tí pọ́ìǹtì 1,000 á di 1,300. Ìgbà yẹn ló dùn ún gbé.

Ohun tó yí padà ni pé láti òpin oṣù kẹwàá 2024, wọ́n ti pa iye tó dúró sójú kan tì. Gbogbo ìjókòó ni pọ́ìǹtì lè rà báyìí, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí owó tòmátò ní Lafẹ́nwá. Lọ́jọ́ tó bá wálẹ̀, ó lè dín ju Avios lọ. Lọ́jọ́ tó bá fò, ẹ ó rò pé wọ́n ṣì í tẹ̀ ni. Owó àfikún Upper Class (bísínẹ́ẹ̀sì wọn) kì í ṣe kékeré, ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn ni tí ẹ bá ka àlọ àti àbọ̀ pọ̀. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ ò le, tó lè sọ pé "bí kò bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, á jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," òun ló máa gbádùn Virgin. Ẹni tó ní ọjọ́ ìkómọ tàbí ìsìnkú tí kò ṣeé yí, á sunkún.

Kí ó tó di pé mo gbàgbé: ẹ wo wákàtí tí ọkọ̀ ń gbéra. Ọkọ̀ òwúrọ̀ láti Ìkẹjà, fún ará Abẹ́òkúta, ó túmọ̀ sí pé kí ẹ kúrò nílé lóru, kí ẹ gba Ìfọ̀ àti Sàngó Ọ̀tà kọjá kí títì tó dí, tàbí kí ẹ ti sùn sí Èkó lọ́jọ́ tó ṣáájú. Rélùwéè Ládèrin tó ń dúró ní Agége dára, àmọ́ àsìkò tirẹ̀ ló ń bá rìn, kì í ṣe tiyín. Ibùsùn inú ọkọ̀ tó gbéra lóru wúlò fún oorun. Ti ọkọ̀ ọ̀sán, oúnjẹ àti àyè ẹsẹ̀ lẹ ń fowó rà.

Flying Blue: Air France àti KLM

Lórí ìwé, èyí lè rẹwà jù gbogbo wọn. Pọ́ìǹtì Amex, Chase, Citi, Capital One àti Bilt ló ń lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ wà láti Èkó sí Paris àti sí Amsterdam. Lóṣooṣù ni wọ́n ń gbé ẹ̀dínwó tí wọ́n ń pè ní Promo Rewards jáde fún àwọn ìlú kan, wọ́n sì ń jẹ́ kí èèyàn dúró ní Paris tàbí Amsterdam fún ọjọ́ mélòó kan láìfi máìlì (orúkọ mìíràn fún pọ́ìǹtì ọkọ̀ òfuurufú) kún un. Owó àfikún wọn sábà máa ń fúyẹ́ ju ti àwọn ará London lọ.

Ẹ dúró ná. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ Yúróòpù ní kí ọmọ rẹ̀ gba físà kí ó tó yí ọkọ̀ nínú pápákọ̀ wọn, kódà bí kò bá jáde síta. Ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà tàbí ti Kánádà tí kò tíì kú bọ́ nínú èyí. Kódà, ẹni tó lo físà náà tó ń padà bọ̀ wálé bọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n físà Ìlú Ọba ò sí nínú ìwé òfin náà mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù.

Mo jókòó ti ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú nígbà tí ọmọ rẹ̀ pè é láti Manchester. Ó gbé fóònù sórí ìdì aṣọ, ó tẹ ẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́. "Mọ́mì, mo ti rí bísínẹ́ẹ̀sì fún yín o, ẹ máa gba Paris kọjá." Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́, ó ń wúre. Èmi ni mo bi í bóyá wọ́n ti gba físà Paris. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Wọn ò ní jáde síta kẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Mo ní kó wò ó lójú òpó ìjọba Faransé kó tó gbé pọ́ìǹtì kankan. Nígbà tó máa pè padà, ọkọ̀ tààrà ló ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti gbé e lọ ńkọ́?

Nítorí náà, fún ẹni tó ń lọ sí London, ẹ yẹra fún Flying Blue àfi bí ẹ bá ní físà Yúróòpù. Yàtọ̀ sí ti físà, ìdajì kejì ìrìnàjò náà, láti Paris sí London, bísínẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ ò ju ìjókòó ìkọ́nọ́mì tí wọn ò jẹ́ kí ẹnì kan jókòó sáàárín rẹ̀. Fún ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà tàbí Kánádà pẹ̀lú físà tó yè, ọ̀rọ̀ yí padà: ibùsùn ni láti Èkó dé Paris, ibùsùn ni láti Paris dé Atlanta, ó sì wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù.

Aeroplan àti United: àwọn tí kì í bu owó àfikún

Aeroplan ni ètò pọ́ìǹtì Air Canada. Ẹ̀yin tó ń gbé Amẹ́ríkà lè gbé pọ́ìǹtì Amex, Chase, Capital One àti Bilt lọ síbẹ̀. Ohun tó gbé e ga ni pé kì í gba owó àfikún ọkọ̀ òfuurufú lórí tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ìǹtì, owó orí ìjọba àti owó iṣẹ́ díẹ̀ ló ń gbà. Lufthansa láti Èkó sí Frankfurt, Turkish sí Istanbul, Ethiopian sí Addis Ababa, EgyptAir sí Cairo: ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn, Star Alliance, Aeroplan sì lè rà wọ́n. Pẹ̀lú máìlì 5,000 péré, ẹ tún lè sọ̀ kalẹ̀ ní ìlú kan lójú ọ̀nà, kí ẹ lo ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ padà síbi ìṣirò wa. Bí $600 inú àpẹẹrẹ yẹn bá di $150, $1,050 ni gbogbo rẹ̀, ó ti kéré sí ìkọ́nọ́mì $1,200. Ibùsùn wá di ohun tí èrè gùn lé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó wà ní Toronto àti Houston pé kí wọ́n wo ibí kí wọ́n tó wo ibòmíràn.

Wàhálà rẹ̀ ni ìjókòó. Ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ ló ń pinnu iye tó máa yọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ òfo. Fún ẹnì kan, ẹ ó rí i. Fún ìdílé ẹni mẹ́rin, ẹ má fi ojú sí i. Òfin físà Yúróòpù tí mo sọ lókè sì kan Frankfurt náà; Istanbul, Addis àti Cairo ò sí lábẹ́ rẹ̀.

United ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fò tààrà láti Èkó sí Washington lóṣù kọkànlá 2021; ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá tààrà ló ṣì ń lọ. Chase ń gbé pọ́ìǹtì lọ síbẹ̀, kò sí owó àfikún, bí ẹ bá sì fagilé e kí ọkọ̀ tó gbéra, máìlì á padà láìsan kọ́bọ̀. Iye máìlì tí wọ́n ń béèrè lè ga gan-an. Fún ìyá àgbà tí kò gbọdọ̀ yí ọkọ̀ lóru, mo lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Delta náà ń fò tààrà, Èkó sí Atlanta. Amex ń gbé pọ́ìǹtì lọ síbẹ̀, ó sì ń yọ owó díẹ̀ lórí gbogbo pọ́ìǹtì tó bá lọ sí ọkọ̀ Amẹ́ríkà, tí kì í ju $99 lọ. Iye tí Delta ń béèrè fún ibùsùn ló máa ń lé mi. Ẹ wò ó pẹ̀lú Virgin tàbí Flying Blue kọ́kọ́, wọ́n lè ta ìjókòó Delta kan náà fún yín ní pọ́ìǹtì tó kéré, bí ó bá yọjú.

Kí ẹ fi pọ́ìǹtì gbé ìjókòó ga

Ẹ fowó ra ìjókòó kékeré, ẹ fi Avios tàbí pọ́ìǹtì Virgin sún ara yín síwájú. Ó yẹ ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì fún. Fún ẹlòmíràn, kò tó nǹkan: àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù kì í ṣeé gbé ga, ìjókòó pọ́ìǹtì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú, owó orí náà á sì gbéra.

Ta ni kó mú èwo?

Ọmọ tó wà ní London tàbí Manchester, tó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ wá: Avios ní tààrà, àlọ nìkan ní bísínẹ́ẹ̀sì, àbọ̀ ní ìkọ́nọ́mì nítorí owó orí. Kó wo Virgin lọ́jọ́ kan náà, kó mú èyí tó bá dín. Tọkọtaya tó fẹ́ wálé lóṣù Kejìlá: fọ́ọ̀ṣà British Airways, kí wọ́n sì dúró de ọjọ́ 355 náà bí ẹni dúró de òṣùpá ààwẹ̀.

Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tí físà Mọ́mì ti wà lọ́wọ́, tí Mọ́mì sì le dáadáa: Aeroplan kọ́kọ́, Flying Blue tẹ̀ lé e. Bí Mọ́mì ò bá lágbára, United sí Washington, bó bá ṣì ń lọ tààrà. Ẹni tó ṣì ń retí físà: kó má ṣe gbé pọ́ìǹtì kankan lọ síbikíbi. Kó fi í sílẹ̀ ní báńkì, níbi tó ti lè lọ sí ọ̀nà mẹ́wàá, kó máa ṣọ́ ìjókòó lójú áàpù. Lójú ẹsẹ̀ ni pọ́ìǹtì sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ Virgin, Flying Blue àti Aeroplan, kò sí ìdí fún ìkánjú. Ẹni tí pọ́ìǹtì rẹ̀ ò tó 40,000, kó sọ ọ́ di owó bí káàdì rẹ̀ bá ń san sẹ́ǹtì kan, kó fi kún owó ìkọ́nọ́mì. Kí àwọn tó ní Amex àti Capital One má ṣe bẹ́ẹ̀ o, owó tí wọ́n máa rí gbà kò tó sẹ́ǹtì kan. Kí wọ́n máa kó o jọ.

Ẹni tó bá ti rí ìjókòó, àkáǹtì ọkọ̀ òfuurufú tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ tó ni káàdì ni kí pọ́ìǹtì lọ, kì í ṣe ti Mọ́mì, torí báńkì á kọ̀ ọ́ bí orúkọ ò bá bára mu. Láti inú àkáǹtì ọmọ yẹn ni ẹ ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lórúkọ Mọ́mì, pẹ̀lú orúkọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Káàdì ọmọ náà ni kó san owó orí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì lọ sójú òpó ọkọ̀ tó máa gbé e gan-an, kí ẹ rí i pé ó hàn níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún kẹ̀kẹ́ ìjókòó náà lójú kan.